Ọmọ Tó Mú Ẹyẹ Lọ́wọ́

Ẹni tó ha àwòrán náà kò fọwọ́ kan ojú Màríà. Ohun tí Machtelt kọ́kọ́ rí nìyẹn, kò tíì bọ́ ìborùn rẹ̀ kalẹ̀ pàápàá.

Pákó àwòrán náà fara ti ògiri lókè àjà ilé Lieven oníṣẹ́ fìlà, níbi tí òórùn irun ẹran àti ọtí kíkan ti ń gba àárín pákó ilẹ̀ gòkè wá láti ìsọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló kúnlẹ̀ nínú rẹ̀ níwájú Màríà àti ọmọ rẹ̀: bàbá, ìyá, ọmọkùnrin kan tó ti ń hu irùngbọ̀n, ọmọbìnrin kan, àti ọmọkùnrin kékeré kan, bí ọmọ ọdún márùn-ún, tó mú ẹyẹ olórí pupa lọ́wọ́. Lókè orí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márààrún, níbi tí ojú sánmà wà, wọ́n ti fi irin ha ọ̀dà kúrò. Èéfọ́ ọ̀dà náà sì fọ́n ká sílẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja.

"Lánàá ni," Gerbrand wí. Òun ni igbákejì ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ìlú Rietdam, géńdé tí ara rẹ̀ yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ díẹ̀. "Ìwàásù òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ilé ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀bẹ tó fi ṣe é nìyí, ilẹ̀ ni mo ti bá a."

Ọ̀bẹ oníṣẹ́ fìlà ni, ó tẹ̀ kọrọdọ, èyí tí wọ́n fi ń gé etí fìlà.

"Ọ̀rọ̀ bùṣe, Ìyá. Lieven ló nilé. Lieven ló lọ̀bẹ. Lieven náà ló ti ń pariwo látèṣín pé òun ò lè máa sùn kí ère àwọn Kátólíìkì máa sùn lókè orí òun."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ," Machtelt dá a lóhùn. "Jẹ́ n rí ìmọ́lẹ̀."

Opó ni Machtelt, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ìlú ló mú un búra pé kó máa wọ ilé òkú, kó máa díye lé ẹrù tí olóògbé fi sílẹ̀ kí àwọn ẹbí tó pín in. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tú àpótí òkú. Ó ti rí ohun tí àwọn alààyè máa ń ṣe nígbà tí òkú kò tíì tutù, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó fẹ́ràn èèyàn púpọ̀ mọ́. Kódà, nígbà tí nǹkan bá sọnù nínú ilé òkú, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí, nítorí kì í gbà gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lè sunkún lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹrù òkú ni àwòrán yìí náà. Pieryne Maes ló ni ín, ahunṣọ tó sá wá láti Kortrijk lápá gúúsù nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba Sípéènì lé wọn kúrò nílé. Inú kẹ̀kẹ́ ẹrù, lábẹ́ àpò ìyẹ̀fun, ló gbé pákó náà sí wá sí Rietdam, ó sì háyà òkè àjà yìí lọ́wọ́ Lieven. Ó kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Tanneken, ọmọ ọdún méjìlá, tí àjàkálẹ̀ àrùn ti pa bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan gúnlẹ̀. Ó ní òun ni Adriaen Maes, àbúrò Pieryne tí ogun gbé lọ, òun sì wá mú ẹ̀jẹ̀ òun lọ sílé. Lọ́jọ́ tó dé gan-an ló ti sọ fún Alàgbà Sybrant, tó ń ṣe alábòójútó àwọn ọmọ òrukàn ìlú, pé kó lọ wo àwòrán kan tó wà nínú ẹrù ẹ̀gbọ́n òun. "Èmi ni ọmọ tó mú ẹyẹ lọ́wọ́," ó wí. Ẹnu ya gbogbo wọn, nítorí àwòrán náà ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ní agogo méjìlá ọ̀sán òní ni Sybrant fẹ́ fa ọmọ náà lé e lọ́wọ́, tí agogo méjì bá sì lù, ọkọ̀ ojú omi á ti gbé àwọn méjèèjì lọ.

Machtelt gbé ìgò roboto kan jáde nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń hun léèsì máa ń rọ omi sí láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó da ìmọ́lẹ̀ náà lé ojú ibi tí wọ́n ti ha pákó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Lókè orí bàbá, ìyá àti ọmọkùnrin àgbà, ó rí àmì ọ̀dà pupa, ó sì rí àwọ̀ sánmà lábẹ́ rẹ̀. Lókè orí ọmọbìnrin, àwọ̀ sánmà nìkan ló wà, wọn ò tilẹ̀ ha á jinlẹ̀. Lókè orí ọmọ tó mú ẹyẹ, ó rí pupa, ó sì rí funfun ẹfun lábẹ́ rẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ìyẹn pẹ́.

"Ṣé ká lọ mú Lieven?" Gerbrand bi í.

"Ká lọ kí i ni."

*

Lieven ń fi ọwọ́ méjèèjì po irun ẹran nínú omi gbígbóná, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí oorun kò tó. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ó ti na ìka sókè.

"Èmi ni! Ẹ dè mí! Ọlọ́run ló rán mi, mi ò sì kábàámọ̀!"

"O kú iṣẹ́ Ọlọ́run," Machtelt wí. "Ojú ère wo lo kọ́kọ́ ha?"

"Ti Màríà! Ojú rẹ̀ méjèèjì ni mo yọ!"

"Méjèèjì?"

"Bí ẹni ń yọ ojú ẹja!"

Gerbrand gbójú sókè wo àjà, ó tún wo Machtelt, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Lieven, Màríà ń bẹ lókè, ojú rẹ̀ méjèèjì pé, ó ń gbọ́ irọ́ tí ò ń pa mọ́ ọn. O ò fojú kan àwòrán yẹn rí láyé rẹ. Níbo lo wà lánàá nígbà ìwàásù?"

Oníṣẹ́ fìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í po irun rẹ̀ kíákíá.

"Mo ní níbo lo wà?"

"Ẹ̀yìn odi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Lọ́dọ̀ opó tó ń pọn bíà, níbi táwọn Kátólíìkì, àwọn ẹlẹ́sìn àtijọ́, ti ń mu. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí oníwàásù gbọ́. Wọ́n á yọ orúkọ mi nínú ìwé ìjọ."

"Kàkà kí wọ́n gbọ́ pé o mutí lọ́jọ́ Ìsinmi, ó tẹ́ ọ lọ́rùn kí wọ́n nà ọ́ lẹ́gba lójú ọjà?"

"Ẹni tí wọ́n nà nítorí ère, wọ́n á máa kí i kú ìfaradà. Ẹni tí wọ́n bá lọ́dọ̀ opó ńkọ́?"

Machtelt kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun tutọ́. Odidi ọdún kan ni ọkùnrin yìí fi halẹ̀ mọ́ Pieryne nítorí àwòrán òkú òbí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń yọ́ lọ ṣe ohun tó ń bú àwọn ẹlòmíì sí.

"Ta ló ti wọ ìsọ̀ rẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

"Àwọn oníbàárà mi náà ni. Àti àbúrò olóògbé. Ó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gòkè lọ wo àwòrán, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ó dúró lọ́dọ̀ mi, ó ń wọn fìlà wò. Ó wọ̀n ọ́n tó mẹ́fà. Kò ra ẹyọ kan."

"Ìgbà wo lo wá ọ̀bẹ rẹ tì?"

Lieven ronú. "Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta."

*

Tanneken jókòó lẹ́yìn òfì ìyá rẹ̀ àgbà ní ilé ìhunṣọ àwọn ará gúúsù, ó ń kó òwú sórí igi. Kò sunkún. Àwọn ọmọ tí ogun àti àrùn ti tọ́ dàgbà kì í tètè sunkún, ìyẹn sì máa ń dun Machtelt ju ẹkún lọ.

"Kí ló wà lókè orí wọn tẹ́lẹ̀, ọmọ mi?"

"Àgbélébùú pupa kéékèèké. Ìyá àgbà ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ẹni tó bá ti kú ni wọ́n ń fi sí lórí. Bí ẹnìkan bá tún kú, wọ́n á pe ayàwòrán padà."

"Àwọn wo ló ní in?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Aṣọ ni wọ́n fi máa ń wé e, wọ́n á tún kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, nítorí Bàbá Lieven. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i, mo ṣì kéré."

"Ìyá rẹ àgbà máa ń dárúkọ Adriaen?"

"Nínú lẹ́tà ni. Wọ́n máa ń bẹ akọ̀wé kó bá wọn kọ ọ́ sí ìbátan wa kan ní Kortrijk. Wọ́n á ní, 'Bá mi kí Adriaen ní Saint Martin. Bá mi mú òdòdó funfun lọ fún un lọ́jọ́ rẹ̀. Mi ò jẹ́ gbàgbé òun àti ẹyẹ rẹ̀ nínú àwòrán wa.' Ọdọọdún ni."

"Ṣé ìwọ fẹ́ bá ọkùnrin náà lọ?"

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ni."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

Ọmọ náà gbé òwú sílẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan. "Ó fọwọ́ wo ìka mi. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ oríkèé wọn, bí Ìyá àgbà ṣe máa ń yẹ òwú wò kí wọ́n tó rà á. Ó ní wọ́n tín-ín-rín dáadáa fún iṣẹ́ léèsì. Lẹ́yìn náà ló wá dì mọ́ mi, tó ń sunkún."

Machtelt dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ti bọ́ síta, Gerbrand bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀rọ̀. "Ó ti yé mi! Ẹni tó ha á kò bínú sí ère. Àgbélébùú ló ń bá jà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ti kú. Ìdí tó fi ha orí Pieryne náà nìyẹn, ọmọbìnrin tí kò ní àgbélébùú, kó lè da gbogbo rẹ̀ rú. Lẹ́tà ló ti kà nípa àwòrán, kò tíì rí i nígbà tó lọ fi í yangàn lọ́dọ̀ Alàgbà Sybrant. Ìgbà tó wá gòkè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àgbélébùú pupa lórí ọmọ tó ní òun jẹ́! Ẹ jẹ́ ká lọ mú un!"

"Bí mo bá sọ fún un pé àgbélébùú wà lórí ọmọ yẹn, kí lo rò pé ó máa fi dá mi lóhùn?"

Gerbrand yọ fìlà rẹ̀, ó họ orí. "Á ní... á ní wọ́n rò pé òun ti kú ni. Pé ogun ló gbé òun lọ, ni wọ́n bá fi àgbélébùú sí òun lórí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mélòó nínú àwọn ará gúúsù ló ti sunkún òkú ọmọ tó padà wálé láàyè? Gbogbo ìyàwó ilé tó wà níbẹ̀ á bá a sunkún. Rárá o. Ẹnu ara rẹ̀ la ó fi mú un."

*

Wọ́n bá a ní ilé èrò tó wà létí odò, ó ń jẹ ẹja oníyọ̀ tútù pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ó mú ẹja náà ní ìrù, ó gbé orí sẹ́yìn, ó jẹ́ kó yọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, òróró sì ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀. Ó tó ẹni ogójì ọdún. Ọrùn aṣọ rẹ̀ funfun nini. Nígbà tó rí Machtelt, ó nu ọwọ́, omijé sì ti dúró wámúwámú lójú rẹ̀ kí ọwọ́ tó gbẹ.

"Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ẹrù ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á sàn án fún yín. Mo gbọ́ ohun tí aṣebi yẹn ṣe. Àwòrán ilé bàbá mi!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," Machtelt wí, ó jókòó. "Ó dùn mí náà. Ṣé ẹ tilẹ̀ rántí nígbà tí wọ́n yà á?"

Ohun tó ń retí gan-an nìyẹn. Ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Mo ha lè gbàgbé? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ayàwòrán náà gbé ilé wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi fi ọwọ́ di ọrùn mi mú láti ẹ̀yìn kí n má baà yí. Orúnkún ń ro mí. Ẹyẹ yẹn ò sì gbádùn, ó fi ẹnu ṣá mi, ẹ wò ó." Ó na ìka ìlábẹ̀, àpá kékeré kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. "Pieryne ń rẹ́rìn-ín mi. Màmá wa ní kó dákẹ́. Háà, Pieryne!"

Omijé bọ́. Aya onílé èrò, tó ń gbé bíà kọjá, fi etí aṣọ nu ojú tirẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ojú ọkùnrin yìí sì ń ríran dáadáa: ó ń wo ojú Machtelt bóyá ẹkún náà ti wọlé.

"Ó mà ṣe o," Machtelt wí. Ó gbé ìwé kan àti gègé ìyẹ́ kan síwájú rẹ̀. "Alàgbà Sybrant fẹ́ràn nǹkan tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Ẹ bá mi kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, bí ẹ ti kúnlẹ̀ níwájú ayàwòrán, kí ẹ fọwọ́ sí i. Gègé náà ti kú lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́."

Ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan láti inú àkọ̀ aláwọ rẹ̀ láti gbẹ́ gègé náà. Ẹnu ọ̀bẹ náà tín-ín-rín, ó sì gún régé. Bó ti fà á yọ, èérún pupa mélòó kan jáde, wọ́n bọ́ sórí tábìlì.

Gerbrand lajú. Ọkùnrin náà fẹ́ ẹ dànù láìfi bò. "Ìda lẹ́tà. Ẹni tó bá ń kọ̀wé kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Òótọ́ ni," Machtelt wí, ó sì fi ìka rẹ̀ tó tutù gbé èyí tó kù, bí ẹni ń nu tábìlì.

Ó kọ ojú ìwé kan gbáko. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó tilẹ̀ kọ orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹyẹ náà.

*

Inú yàrá ìgbìmọ̀ gbóná. Alàgbà Sybrant gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ẹyín iná lábẹ́ tábìlì, ìwé ńlá àwọn ọmọ òrukàn ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ti ki gègé bọ inú tàdáwà. Tanneken dúró pẹ̀lú ìdì ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn.

"Ìyá Machtelt, ẹ má bá mi fa ọ̀rọ̀ gùn," Sybrant wí. "Àwọn ọmọ ará gúúsù yìí pọ̀ lọ́wọ́ ìlú. Tí ẹbí bá wá, ọpẹ́ ni."

"Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Gerbrand, gbé pákó yẹn síwájú." Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lókè orí yín níbí tẹ́lẹ̀?"

Kò ta gìrì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ti múra ìdáhùn náà sílẹ̀ láti àná. "Àgbélébùú. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo ti kú. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun gbé mi lọ, mo ti di ọmọ ogún ọdún. Wọ́n sunkún mi, wọ́n fi àgbélébùú sí mi lórí. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi?"

"Ẹ gbọ́!" Sybrant wí, gègé rẹ̀ ti kan ìwé.

"Ẹ mú sùúrù. Nígbà tí wọ́n fi àgbélébùú sí yín lórí, àwòrán yìí ti gbẹ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yà á. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹyẹ fi ẹnu ṣá yín. Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ fọwọ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

Machtelt gbé ìgò omi rẹ̀ sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sórí pákó. "Alàgbà, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí iná, kí ẹ wá wò ó. Ẹni tó bá ń ya pákó, ẹfun ló kọ́kọ́ ń fi kùn ún. Lẹ́yìn náà ló ń ya èèyàn, tó ń fi sánmà kún ẹ̀yìn wọn. Ẹ wo orí bàbá yìí. Pupa wà lókè, sánmà wà lábẹ́ rẹ̀. Sánmà ti gbẹ kí pupa tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọkùnrin àgbà. Ẹ wá wo ti ọmọ tó mú ẹyẹ."

Sybrant tẹ̀ba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan igi.

"Funfun ni," ó wí.

"Ẹfun ni. Kò sí sánmà lábẹ́ pupa yìí rí. Etí sánmà yí i ká bí a ti ń kun ògiri yí fèrèsé ká. Àgbélébùú ti wà níbẹ̀ kí ayàwòrán tó kun sánmà. Ọmọ yìí ti kú kí wọ́n tó ya àwòrán. Ìyá tó bí i ni kò gbà kó ṣẹ́kù sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n yà á mọ́ àwọn tó kù, òun àti ẹyẹ rẹ̀. Inú ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Saint Martin ló wà, ibẹ̀ ni Pieryne ń rán òdòdó sí lọ́dọọdún." Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ìwọ wá jókòó síwájú mi, ìwọ àti òróró ẹja lágbọ̀n, o ní ó kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro ó."

Ọwọ́ ọkùnrin náà kúrò lọ́rùn Tanneken.

"Ayàwòrán lè ti... ó lè ti ha sánmà kúrò kó tó fi pupa sí i."

"Kí ló dé tí kò ha ti àwọn mẹ́ta tó kù? Àti èyí?" Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èéfọ́ pupa kan wà níbẹ̀. Ó fi ẹ̀mú gbé e, ó nà án sójú àbẹ́là tí Sybrant fi ń lẹ ìwé. Kò yọ́. Ó rọra dúdú létí. "Inú àkọ̀ ọ̀bẹ rẹ ló ti jáde. Ìda tí kì í yọ́ nìyí. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní àwọ̀ sánmà. Sọ fún mi, irú lẹ́tà wo lo fi ń lẹ̀?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Gerbrand ló dúró síbẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ tó yá ti wúlò lọ́jọ́ náà. Wọ́n jọ ṣubú lulẹ̀, àpò ọkùnrin náà já, lẹ́tà sì tú síta bí omi.

Lẹ́tà àwọn ará gúúsù ni, ó lé ní ogójì. Wọ́n ti já gbogbo wọn. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní ilé kan lápá òkun, níbi tí àwọn tó ń gbé lẹ́tà lọ sí gúúsù ti máa ń pààrọ̀ ẹrù. Níbẹ̀ ló ti ń kà wọ́n: ẹni tó kù lóun nìkan, ẹni tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń dàgbà, ẹni tí ẹbí rẹ̀ sọnù lójú ogun. Ó sì fi tàdáwà fa ìlà sábẹ́ orúkọ àwọn ọmọ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mú lọ tà síṣẹ́. Machtelt mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó rí ìlà náà, ó fẹ́ fọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tí kò mọ ìwé kà ti jókòó síwájú akọ̀wé, wọ́n tú inú wọn síta, wọ́n rò pé ẹbí ló máa kà á.

Gerbrand fa ọkùnrin náà jáde. Tanneken kò kúrò níbi tó dúró sí.

Sybrant padà sí àyè rẹ̀, ó fa ìlà pa ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. "Ó dáa náà. Ọlọ́run yọ wá. Kò sí ohun tó bàjẹ́."

Machtelt ń ka àkọlé àwọn lẹ́tà tó ní ìlà. Pauwels. Coppens. De Rycke. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó yí ìwé ńlá náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣí i sẹ́yìn, ojú ìwé kan, méjì, mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ kà á, Alàgbà."

"Ìyá Machtelt, a máa kọ̀wé sí àwọn ìlú etí òkun láti wá wọn..."

"Ọwọ́ yín ló kọ ọ́. Ẹ kà á sókè."

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Hansken Pauwels, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá mú un. Neelken Coppens, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bàbá rẹ̀ àgbà wá mú un. Josyne de Rycke, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àbúrò ìyá rẹ̀ wá mú un."

"Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ìbéèrè kankan?"

"Wọ́n mọ orúkọ òbí wọn. Wọ́n mọ ilé wọn. Wọ́n ń sunkún. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi..."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Machtelt ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkùnrin yìí gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ oyè.

"Mo mọ Neelken," Tanneken wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Òfì wọn àti tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyá àgbà àti èmi la sìn ín wá síbí lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò mọ bàbá yẹn rí. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì yìí mú."

Sybrant gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò nídìí tábìlì.

"Ó dì í mú pinpin. Ẹni méjì ló tú ìka rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú wọn." Ọmọ náà wo alàgbà náà láìṣẹ́jú. "Ẹ̀yin lẹ tú ti ọwọ́ ọ̀tún."